Ìkòkò Tí Edé Kò Wọ̀ Rí

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i, ẹnu mi yìí náà ni mo fi jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi ní Peckham nílùú Òyìnbó, màá mú un dé ibi tí ilé náà wà tẹ́lẹ̀.

Màmá Ìsàlẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín ìyá mi sún mọ́ imú, èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀. Wọ́n rọra gbé e padà sórí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.

Arúgbó ará Íńdíà ni Màmá Ìsàlẹ̀, ẹlẹ́sìn Híńdù tí kì í jẹ ẹran tàbí ẹja, abẹ́ wa gan-an ni wọ́n ń gbé. Tí tùràrí bá ti ń ta sánsán, tí agogo kékeré wọn ń dún níwájú àwòrán òrìṣà wọn, ìyá mi á máa pàtẹ́wọ́ sí orin ìyìn lókè. Màmá Ìsàlẹ̀ ló ń mú mi ní súkúù tí ìyá mi bá wà lẹ́nu iṣẹ́ klínà ní Deptford. Ọjọ́ tí wọn kò bá mú mi mọ́, iṣẹ́ ìyá mi bọ́ nìyẹn.

"Màmá, ẹ ò jẹ oúnjẹ mi ni?" ìyá mi bi wọ́n.

"Nǹkan ẹlẹ́mìí wà nínú ẹ̀, ọmọ mi. Mo gbóòórùn omi òkun."

"Ẹ̀wà ni, Mà! Ẹ̀wà àti ata!" Ìyá mi ronú díẹ̀. "Àfi edé. Ṣùgbọ́n edé kì í ṣe ẹran kẹ̀, ṣebí bí iyọ̀ ló ṣe rí!"

"Ǹjẹ́ iyọ̀ tìrẹ máa ń lójú?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ pé torí mo jẹ́ Kristẹni ni."

"Ìwọ ńkọ́, tí o ń da súìtì mi sí bíìnì?"

 Òótọ́ ni. Ìyá mi máa ń ní oúnjẹ tó ti dé iwájú òrìṣà ò gbọdọ̀ wọ ẹnu wa. (Èmi ti jẹ ẹ́ níkọ̀kọ̀. Inú ò run mí.) Ìyá mi gbé mọ́ínmọ́ín náà padà, wọ́n fà mí lọ́wọ́ gòkè. Mo rò pé ó parí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá Ìsàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa, abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ wọn. Nínú ẹ̀sìn tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í tọ́ ìkòkò wò kí òrìṣà tó gba tiẹ̀, nítorí náà ìkòkò méjì ni wọ́n gbé kaná, ọ̀kan fún òrìṣà, ọ̀kan fún wa. "Èyí ò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́run mi rárá. Tìrẹ ni."

Ìyá mi jẹ ẹ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi ra ìkòkò tuntun ní ọjà Rye Lane fún oúnjẹ Màmá Ìsàlẹ̀, wọ́n so àkísà pupa mọ́ etí rẹ̀. Ṣíbí ọbẹ̀ wa tó ti kan edé ò gbọdọ̀ kàn án. Mo jẹ ìgbájú nítorí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó yípadà o. Ìyá mi ò yéé sọ pé, "Màmá, ẹ gba Jésù." Èsì wọn ò yàtọ̀: "Bá mi kí i dáadáa."

Súkúù ò jinlẹ̀ lórí mi, mi ò sì tijú. Tí àwọn èèyàn bá ń jiyàn ẹ̀sìn ní ṣọ́ọ̀bù bábà, mo máa ń bi wọ́n pé, "Ìkòkò wo lẹ fi ń dáná fún ẹlẹ́sìn kejì yẹn?"  Nínú ilé mi lónìí, ìkòkò kan wà tí edé kò wọ̀ rí. Kò sẹ́ni tó ń wá jẹun níbẹ̀.

Màmá Ìsàlẹ̀ ti kú. Ìyá mi náà ti lọ. Wọ́n ti wó ilé yẹn, ìkòkò alákìísà pupa sì sọnù nígbà tí à ń kó ẹrù. Ìyá méjì, ilé kan, ìkòkò kan.