Oṣù Mẹ́rin Tí Ọkọ̀ Mi Fi Wà Lọ́dọ̀ Àna Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, okun o! Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò tí wọ́n kọ lù. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ìtìjú ni kò jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí ní Kàbà níbí, àti pé Kòròlà àtijọ́ kan ni mo ń wà. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n òun la fi ń gbé Bàámi lọ sọ́sibítù. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò gbọ́ràn mọ́. Ẹni tó ń tọ́jú wọn ní Lọ́kọ́ja kìlọ̀ fún mi gidi: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí n máa gbé wọn wá, kí wọ́n máa bá wọn na apá, na ẹsẹ̀. Ó ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ yìí ni ara ṣì ń gbọ́ràn. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, èyí tó bá ti gan ti gan nìyẹn.

A lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàámi ti ń ká ìka wọn díẹ̀díẹ̀! Àárọ̀ ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún náà mú ṣíbí, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́ bíi pé ọmọ kékeré ló ń rìn.

Àfi bó ṣe di Sátidé kan tí mo ń bọ̀ láti Odo-Ape. Píkọ́ọ̀pù kan tó kó iṣu, búrèkì rẹ̀ já níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ló bá wá forí sọ mí. Gbàà! Iwájú ọkọ̀ mi wó wọnú. Èmi ò fara pa, Ọlọ́run ló ṣe é. Onípíkọ́ọ̀pù náà ṣe ọmọlúàbí, ó gbà pé òun ló jẹ̀bi, ó sì gba àtúnṣe náà sọ́rùn láìjà láìta. Nítorí náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ta ló máa tún un ṣe? Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bùsọ́lá, àbúrò mi, ti ní àfẹ́sọ́nà. Kọ́lé lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará ilé Kọ́lé ti wá mọ̀ wá nílé, ìdáná àti ìgbéyàwó ló kù. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lé, Dípò, panẹbítà ni, iṣẹ́ kí wọ́n máa lu ara ọkọ̀ tó wó kó tún dọ́gba ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sílé wa rárá. Mo ní mo fẹ́ wọ́ ọkọ̀ mi lọ sí Lọ́kọ́ja, ìyá mi pariwo. Hábà! Ṣé a máa wọ́ mọ́tò kọjá ẹnu ọ̀nà àna wa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì ni? Kí la fẹ́ kí wọ́n sọ?

Ni mo bá wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ Dípò.

Ìyá mi tún wá ṣe òfin kejì. Ó ní àwọn àna ò gbọdọ̀ mọ bí àìsàn Bàámi ṣe tó. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe máa ń rí: kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé. Ara Bàámi le koko lọ́jọ́ tí wọ́n wá mọ̀ wá nílé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àìsàn dé. Ẹ̀rù ń ba ìyá mi kí wọ́n má lọ sọ pé ìdílé alárùn ni, kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì fọ́. Bí àna bá ti béèrè Bàámi, ohun tí à ń sọ ni pé wọ́n wà lóko. Lójoojúmọ́, oko! Oko wo ni baba tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ń dá tó bẹ́ẹ̀?

Ṣé ẹ ti rí pàkúté tí mo fẹsẹ̀ ara mi rìn wọ̀?

Dípò ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo lọ. Ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n nítorí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó wọn, bó ṣe rí mi báyìí ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì. “Okun o, Àǹtí wa! Ẹ má bínú o, ó ku díẹ̀!” Ó sáré lọ ra mínírà tútù fún mi, ó nu àga kí n tó jókòó. Ẹ gbà mí o, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún yín, báwo lẹ ṣe máa bá a jà? Mo mu mínírà mi, mo dúpẹ́, mo lọ sílé.

Báyìí la ṣe ṣe é fún oṣù kan. Ó di oṣù méjì. Wọ́n ti tú bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ̀ mi wà lórí búlọ́ọ̀kù. Lọ́jọ́ kan tí mo débẹ̀, wọ́n fi ṣéènì so iwájú rẹ̀ mọ́ igi máńgòrò, wọ́n ń fà á kí ṣáásí rẹ̀, irin abẹ́ ọkọ̀ tó tẹ̀, lè nà. Wọ́n fà á títí, máńgòrò ń já bọ́, ṣáásí ò nà. Adìyẹ kan ti yé ẹyin sórí àga ẹ̀yìn. Dípò ní Fúráìdé tó ń bọ̀ ni. Fúráìdé wo? Kò sọ, èmi náà ò béèrè.

Mo gbìyànjú láti gbé Bàámi wọ mọ́tò èrò lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n há wọn mọ́ àárín èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn, ẹnì kan sì gbé àpò gàrí lé ọwọ́ tó ń dùn wọ́n títí a fi dé Lọ́kọ́ja. Nígbà tí a máa sọ̀ kalẹ̀, wọn ò lè dìde, wọ́n sì ti tọ̀ sára. Àwọn èèyàn ń wò wá. Bí a ṣe padà délé, Bàámi ní àwọn ò wọ mọ́tò èrò mọ́ láé. Mo háyà tàkísì lẹ́ẹ̀mejì, agbára owó oṣù tíṣà ò gbé e ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù kẹta, ìka tó ti ń ká bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Mo máa ń fi omi gbígbóná wọ́ ọ láràárọ̀, mo sì ń sunkún sínú ara mi. Bí mo bá bá Dípò jà, mo ba ilé àbúrò mi jẹ́. Bí mo bá sọ ìdí tí mo fi nílò ọkọ̀, mo ba ilé àbúrò mi jẹ́. Bí mo bá dákẹ́, ọwọ́ Bàámi ń lọ. Inú ń bí mi sí Dípò, sí ìyá mi, sí Bùsọ́lá tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi gan-an ni inú ń bí mi sí jù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nínú oṣù kẹrin, Bàámi pè mí pé kí n mú ọ̀pá wọn wá, ṣọ́ọ̀bù Dípò ni àwọn ń lọ. Ìyá mi kígbe pé wọ́n fẹ́ tú àṣírí ilé. Bàámi ní, “Àṣírí wo? Ara mi ni.”

A rìn. Ọ̀nà tí mo ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn, wákàtí kan gbáko la lò. Mo gbé apá wọn kọ́ ọrùn, ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ nílẹ̀, gbogbo àdúgbò ń kí wa. Nígbà tí Dípò rí wa, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀ tán. Ó ń wo ẹsẹ̀ Bàámi, ó ń wo ọwọ́ wọn.

Bàámi jókòó lórí táyà kan. Wọn ò béèrè ìgbà tí ọkọ̀ máa yá o. Ohun tí wọ́n béèrè ni, “Dípò, ọmọ mi, ṣé o mọ iṣẹ́ yìí ṣe?”

Ẹ̀yin èèyàn, mi ò ronú láti bi í ní ìbéèrè yẹn rí! Dípò wolẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ kẹta lòun ti mọ̀ pé agbára òun ò ká ṣáásí yẹn, ẹ̀rọ tó ń fà á ò sí níbí, àfi Lọ́kọ́ja. Ṣùgbọ́n báwo lòun ṣe máa wí fún ilé tí àbúrò òun fẹ́ fẹ́yàwó pé òun ò mọ iṣẹ́ òun? Ó wá kọjú sí mi. “Àǹtí, ẹ ò sọ fún mi! Oko lẹ ní wọ́n wà! Ká ní ẹ sọ ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá ti wọ́ ọ lọ.”

Mo fà á dìde nílẹ̀.

Ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí Lọ́kọ́ja. Wọn ò lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ tí wọ́n fi parí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án!

A padà sẹ́nu ìtọ́jú. Ẹsẹ̀ Bàámi gbọ́, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn káàkiri báyìí. Ọwọ́ kọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú wọn ò tiẹ̀ bá mi wí, ó kàn ní kí n má fi gbogbo ìrètí mi síbẹ̀.

Ìgbéyàwó ò sì fọ́ o. Nígbà tí àwọn ará ilé Kọ́lé gbọ́, iṣu ni wọ́n gbé wá, wọ́n ní kí ló dé tí a fi sọ àwọn di àjèjì lórí àìsàn baba àwọn.

Lọ́jọ́ ìdáná, Kọ́lé dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàámi fún àdúrà, Dípò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Bàámi kọ́kọ́ gbé sókè, wọ́n sì tún sọ ọ́ kalẹ̀, torí ta ló ń fi òsì súre fún ọmọ? Ni Dípò bá dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó rọra gbé ọwọ́ ọ̀tún Bàámi láti orí ẹsẹ̀ wọn, ó gbé e lé orí àbúrò rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀ títí àdúrà fi parí. Mi ò rí ẹni tó ṣe àmín tí ojú rẹ̀ gbẹ.

Ẹ̀kọ́ tèmi nìyí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Èmi ń tijú àna, àna ń tijú mi, Bàámi ló sanwó ìtìjú wa. Bí iṣẹ́ bá ju agbára yín lọ, ẹ sọ ọ́. Bí ohun kan bá ń dùn yín nílé, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́, kódà kó jẹ́ àna.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Òótọ́ wo lẹ ti fi pamọ́ nítorí ojú èèyàn, kí ló sì gbà lọ́wọ́ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Bàámi fúnra wọn ló ní kí n kọ tiwa. Wọ́n ní àwọn ì bá kọ ọ́, ọwọ́ ni ò sí.