Ọkọ̀ Bàbá Wa Kò Ní Di Igi Ìdáná

Òjò kì í lé mi kúrò nídìí dòdò tí mò ń dín létí títì Ìkirè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó gbéra láti Ìbàdàn, ó ní òun ń bọ̀ wá gé ọkọ̀ bàbá wa.

Ọkọ̀ ojú omi ni. Inú igi ìrókò kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Kí afárá tó dé, òun ni bàbá wa fi ń tu èèyàn kọjá odò Ọ̀ṣun: ìyàwó tuntun, aláboyún tó ń rọbí, òkú tí wọ́n ń gbé lọ sílé. Olówó ni o, tálákà ni o, bàbá wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà wọnú rẹ̀. Ó ní orí ilẹ̀ ni bàtà wà fún. Nígbà tí afárá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá sẹ́yìnkùlé wa ní Àpòmù, ó sì kọ́ àtíbàbà lé e lórí.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a máa ń pọn omi kún inú rẹ̀, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Bàbá wa ní ọkọ̀ tí òǹgbẹ bá ń gbẹ á là, ọkọ̀ tó bá sì ti là ti kú nìyẹn. Nígbà tí òun náà kú, mo gba iṣẹ́ yẹn. Mò ń ti Ìkirè gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù, mò ń lọ pọn omi fún ọkọ̀ tí kò lódò. Àwọn ará àdúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní n kò rọ́mọ wẹ̀ ni mo fi ń wẹ ọkọ̀. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ bá mi gbé korobá kan.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí ọkọ̀ náà wà. Ó ní omi tí mò ń dà sí i ti mú kó jẹrà, pé ẹ̀fọn nìkan ló ń gbébẹ̀. Ó ní èmi tí mò ń fi igi dáná lójoojúmọ́, kí ló dé tí n kò fi èyí dín dòdò? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo ní bí wọ́n bá fi àáké kàn án, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ gé. Àwọn agégẹdú tó pè sì ti gbé ẹ̀rọ ìgégi dé.

Àbúrò bàbá wa obìnrin, àgbà ilé tí a ń pè ní Màmá, ló dá wa lẹ́kun. Màmá ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sódò. Bó bá rì, kí wọ́n gé e. Bí kò bá rì, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó gbà. Lójú tirẹ̀, omi ti ba igi náà jẹ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù àwọn agégẹdú ló gbé e lọ sódò. Wọ́n tì í sínú omi. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò tíì sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, pé ìyẹn kọ́ ni ìdánwò. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Èmi tí n kò mọ̀wẹ̀ rárá, mo bọ́ sálúbàtà mi, mo wọlé, mo dúró síbi tí bàbá wa máa ń dúró sí, mo fi ọ̀pá tì í kúrò létí odò. Mo wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Omi kò wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” mo pè é, “ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó wá bá mi lójú omi.”

Mo tu ọkọ̀ padà sétí odò, mo sì dúró dè é. Ó wo àwọn agégẹdú, ó wo Màmá. Ó wá gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti wọlé, tòun ti bàtà Ìbàdàn rẹ̀.

“Ẹ bọ́ bàtà yín,” mo wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ ọ.