Fáàfù Tó Wà Lábẹ́ Àgbá Mi

Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ohùn ọkọ mi kẹ́yìn. Oòrùn mú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ń fọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé.

Ó ní, "Adúmáadán, mo ti parí àdúgbò orí òkè o. Ó ku ilé tiwa nìkan. Bá mi da omi inú àgbá ńlá yẹn nù, kí n lè ráyè yí i kúrò lórí fáàfù tí mo bá dé."

Mo ní, "Omi tí mo fọwọ́ ara mi pọn kún inú àgbá lẹ ní kí n dà nù, nítorí ìjọba?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dún bí ìgbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sẹ́nu ẹ̀rọ lẹ́yìn tó ti dá fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Dà á sídìí òdòdó rẹ. Ṣebí òdòdó náà ń mumi."

Ibi tó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ látorí òkè ni àìsàn òjijì ti gbé e lulẹ̀. Kí n tó dé ọsibítù, ẹlẹ́mìí ti gbà á.

Ilé-iṣẹ́ omi ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe. Bàbá Olómi ni gbogbo ìlú ń pè é. Èmi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti fọ ẹrẹ̀ iṣẹ́ yẹn lára aṣọ rẹ̀ títí tí mo fi mọ̀ ọ́n. Fáàfù ni irin tí wọ́n máa ń yí tí omi fi ń dúró nínú ọ̀pá. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé, ìdérí rẹ̀ nìkan ló ń yọjú sókè. Ẹnì kan á da yanrìn lé e, ẹlòmíì á gbé àgbá lé e bíi tèmi, kò ní pẹ́ tí gbogbo wa á fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Lọ́dún kan, ọ̀pá ńlá bẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin télọ̀ kan. Onílé tó mọ ibi tí fáàfù wà ti rìnrìn àjò. Ọkọ mi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ibí, wọ́n gbẹ́ ọ̀hún, wọn ò rí i. Omi wọlé, ó ba ẹ̀rọ ìránṣọ jẹ́, ó gbé aṣọ oníbàárà lọ. Ọkọ mi wálé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní, "Kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò ní wá fáàfù tì mọ́ nílùú yìí." Ohun tó ń lé kiri nìyẹn.

Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ wọn wá gbé máàpù inú kọ̀ǹpútà dé, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọkọ ìyàwó. Wọ́n fún un ní fóònù kan. Tó bá dúró sórí fáàfù tó sì tẹ fóònù náà, fóònù á béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀run pé níbo la wà, àmì á sì yọ lórí máàpù ní ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin kan ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Kò tíì bímọ, síbẹ̀ ọkọ mi sọ ọ́ ní Ìyá Máàpù.

Ó rin àdúgbò ìsàlẹ̀ tán, ó ń yan kiri bí ológun. Lọ́jọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní ọ́fíìsì ni Ìyá Máàpù pè é.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan. Gbogbo fáàfù yín ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé. Èyí tiẹ̀ ti wọ pálọ̀. Ṣé wọ́n ń retí oúnjẹ ni?"

Ẹ̀rín bú gbàù nínú ọ́fíìsì. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, níbo lẹ ti ń tẹ fóònù yẹn?"

"Ẹnu ọ̀nà ni, níbi tí mo ti ń kí wọn. Ta ní í gba ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni lọ láìkí onílé? Ẹni tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ṣebí wọ́n á mú un lọ sídìí fáàfù."

Ọmọbìnrin náà rọra ní, "Tí onílé ò bá sí nílé ńkọ́, sà?"

Ọkọ mi tẹjú mọ́ máàpù náà. Mo mọ̀ pé télọ̀ yẹn ló ń rò. Ó gbé fìlà rẹ̀ dé. "Ìyá Máàpù, o wí ire. Màá tún un rìn."

Ó tún un rìn lóòótọ́. Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Olómi, ṣé fáàfù wa ti sá lọ ni?" Á ní, "Kò sá lọ o. Mo wá lé e kúrò ní pálọ̀ yín ni." Á kí wọn tán, á lọ sẹ́yìnkùlé, á gbá yanrìn kúrò, á dúró lé ìdérí ṣinṣin, kó tó wá tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn tí a sin ín, ọ̀pá tún bẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn kan náà. Obìnrin náà sáré wá bá mi, abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà aṣọ rẹ̀.

"Ìyá, wọn ò tiẹ̀ gbẹ́lẹ̀! Onílé wa ò sí nílé. Wọ́n wo fóònù, wọ́n lọ tààrà sídìí ẹ̀, wọ́n yí i. Omi ò kan bàtà mi!"

Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín mọ́ ọn.

Ìyá Máàpù náà wá kí mi. Ó fi máàpù hàn mí lórí fóònù, àmì kún un bí ìràwọ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ Bàbá nìyí." Mo wá ilé wa níbẹ̀, mo rí i pé ojú rẹ̀ ṣófo. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká da omi yìí nù, ká yí àgbá yìí, kí n tẹ̀ ẹ́." Mo ní kó ṣe sùúrù fún mi. Iṣẹ́ tí ọkọ mi rán mi kẹ́yìn ni, èmi ni màá jẹ́ ẹ.

Àràárọ̀ ni mò ń bu omi àgbá náà sídìí òdòdó, igbá kan lẹ́ẹ̀kan. Òdòdó náà ti ń yọ ewé tuntun. Omi inú àgbá ti fẹ́ẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì. Fáàfù ilé Bàbá Olómi ò tíì sí lórí máàpù.