Gọ́tà Iwájú Ilé Àsíátù

Kí wọ́n tó gbẹ́ gọ́tà síwájú ilé rẹ̀, Àsíátù aránṣọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni kó tó jáde. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀pá méjì tó ń kì bọ abíyá, kò síbi tí kì í dé ní Ore. Ìkirè ni òun àti Ọláníran ọkọ rẹ̀ ti wá dáko kòkó fún onílẹ̀ kan ní Araromi-Obu. Nígbà tí ọwọ́ wọn tẹ owó díẹ̀, wọ́n kọ́ ilé kékeré sí ìsàlẹ̀ títì ní Ore. Inú ilé náà ni Ọláníran kú sí. Opó rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń ránṣọ jẹun.

Katapílà wá dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wá ọ̀nà fún àgbàrá kó má baà jẹ títì mọ́. Inú gbogbo àdúgbò dùn; Àsíátù fún àwọn òṣìṣẹ́ lómi mu. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà jìn débi pé bí ọkùnrin gíga bá dúró sínú rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Wọ́n da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn lọ. Wọn ò dé e lórí, wọn ò sì gbẹ́ ẹ dé odò. Ìdí ọ̀pẹ kan nísàlẹ̀ àdúgbò ló parí sí.

Olúkúlùkù fi pákó ṣe afárá. Àsíátù gbìyànjú tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pá rẹ̀ yọ̀ lórí pákó tútù, díẹ̀ ló kù kó ré sínú gọ́tà. Gbádéyan ọlọ́kadà, aládùúgbò rẹ̀, ló di aṣọ rẹ̀ mú.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n máa pọ̀n yín kọjá."

"Pọ̀n ta ni? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí?"

Ó padà wọlé. Láti ọjọ́ náà, ilé di àhámọ́. Ta ni yóò gun pákó torí àtirán bùbá? Àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Moyọ̀sọ́lá ọmọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Àkúrẹ́.

"Kí n fi ilé bàbá rẹ sílẹ̀ nítorí gọ́tà?" ni Àsíátù wí lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà míràn, bó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn èèyàn ń juwọ́ sí i láti òdìkejì, á ti ilẹ̀kùn kó má baà rí wọn.

Òjò wá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Omi títì ya wọ gọ́tà, kò rí ibi gbà jáde, ló bá kún, ó ṣàn wọlé. Àsíátù gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí tábìlì, òun náà gun bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́ nígbà tí omi gbá pákó afárá lọ. Ó ké pe Gbádéyan títí ohùn rẹ̀ fi há. Ariwo òjò bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí òjò dá ni Gbádéyan àti àwọn aládùúgbò tó rí ọ̀nà débẹ̀, wọ́n bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ̀n.

Ilé iṣẹ́ tó gbẹ́ gọ́tà rán ẹnjiníà wá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Adéṣọlá. Ó kúnlẹ̀, ó kí Àsíátù pẹ̀lẹ́.

"Ẹ má bínú, Mà. Inú oko kòkó ìsàlẹ̀ yẹn ló yẹ kí omi gbà dé odò. Onílẹ̀ ní òun á ṣá ẹni tó bá gbé ṣọ́bìrì débẹ̀ ládàá."

"Ta ni onílẹ̀ náà?"

"Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá, ará Odigbo."

Àsíátù mọ orúkọ náà. Onílẹ̀ tí òun àti Ọláníran dáko fún ní Araromi-Obu náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Gbádéyan. "Wá pọ̀n mí." Ó di ojú rẹ̀ pinpin nígbà tí wọ́n ń kọjá lórí pákó tuntun. Ẹ̀rù kọ́ ló bà á. Ojú ló ń tì í.

Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá ń sá kòkó nígbà tí ọ̀kadà dé Odigbo. Ó dá ìyàwó Ọláníran mọ̀. Àsíátù ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èdè Ìkálẹ̀ ni bàbá fi dá a lóhùn, ó sì yé e dáadáa, ó ti pẹ́ láàárín wọn. Bàbá ní wọ́n dojú kọ́fáàtì tó ń gbé omi gba abẹ́ títì kọ oko ẹ̀gbọ́n òun kan lọ́nà Ajue. Omi gbẹ́ ilẹ̀ náà di ọ̀gbun, kòkó wó sínú rẹ̀ tán. Kí ni òun yóò fi lé àwọn ọmọ òun lọ́wọ́?

Àsíátù mọ iye ọdún tí igi kòkó fi ń dàgbà.

"Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ ṣáà wá wo ilé mi."

Bàbá wá. Ó wo ibi tí omi dé lára ògiri, ó fọwọ́ pa á. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí Adéṣọlá tí Àsíátù ti pè síbẹ̀. "Kí lo máa ṣe tí omi yìí ò fi ní jẹ ilẹ̀ mi?"

"A ó to òkúta sójú ọ̀nà rẹ̀ dé odò, Bàbá, bí àtẹ̀gùn, kí agbára omi máa dínkù bó ti ń sọ̀ kalẹ̀."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tí ẹ fi yọ àdá."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gé kòkó tó wà lójú ọ̀nà omi, ó jókòó tì wọ́n títí èyí tó kẹ́yìn fi wó, kò jẹun.

Nígbà tí òjò tún rọ̀, omi ré kọjá, ó lọ sódò. Àdúgbò pàtẹ́wọ́. Àsíátù ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Gọ́tà ò tíì ní ìdérí. Ilé iṣẹ́ ní ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́ àwọn. Adéṣọlá bá tọrọ irin àti sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́ kù, Gbádéyan àti àwọn aládùúgbò sì fi ṣe ìdérí fífẹ̀ kan síwájú ilé rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó dán o," ni Àsíátù ń tẹnu mọ́. "Kí ọ̀pá mi rí ibi di mú."

Nígbà tí ìdérí náà gbẹ, wọ́n fẹ́ di Àsíátù mú. Ó ní kí wọ́n yẹra. Ó dá rìn kọjá, ó dúró létí títì, ó ń mí gúlegúle. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ibo lẹ fẹ́ lọ, Ìyá?" Gbádéyan bi í.

"Mi ò tíì mọ̀."