Tíì Tí Mo Ń Kọ̀

Ìyá àgbà kan láti Mombasa ni aládùúgbò mi ní Gorton nílùú òyìnbó. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ń bọ̀ láti ibi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, òórùn tíì wọn ló máa ń pàdé mi lọ́nà: mílíìkì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ewé tíì, atalẹ̀, èèpo sínámọ́nì àti iliki, èso kékeré aláwọ̀ ewé kan tí a kì í lò nílé wa.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n wọlé wá mu tíì.

“Ẹ ṣé, mà. Mo ti yó.”

Irọ́ ni. Ebi ń pa mí. Ṣùgbọ́n màmá tó bí mi kò gba ọ̀kánjúà láàyè. Bí ẹnikẹ́ni bá fi oúnjẹ lọ̀ wá níta, ojú lásán ni màmá mi máa fi wò wá, kíá la ó ti yó. Bí mo ṣe ń yó nìyẹn fún oṣù mẹ́ta.

Nígbà tó yá, ìyá àgbà náà ò pè mí mọ́. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn ṣókí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin wọn tó wá kí wọn láti Bolton ló là mí lóye.

“Màmá ní o kórìíra ọwọ́ àwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọ tíì wa, àwa gan-an ló kọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Mo fẹ́ràn ìyá yìí. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, àwọn nìkan ló máa ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa.

Mo bá pinnu pé màá se tíì náà, màá gbé e lọ fi bẹ̀ wọ́n. Imú ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é. Mílíìkì inú agolo ni mo dà síná, torí òun ni mo mọ̀ mọ́ tíì. Mo gé atalẹ̀ sí i. Ó wá ku iliki. Imú mi ní ó jọ ataare, mo sì ní ataare tó ṣẹ́ kù níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Mo fọ́ odindi kan, mo da gbogbo hóró rẹ̀ sínú ìkòkò.

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti gbé ife náà fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wúkọ́ títí wọ́n fi di ògiri mú. Mo nawọ́ kí n gbà á padà, wọ́n gbé ife sá fún mi. Wọ́n mu ún tán pátápátá, tikọ́tikọ́.

“Kí lo fi sí i?”

“Ataare ni, mà.”

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n lè dúró dáadáa. “Tíì yìí ò dáa rárá. Wọlé, wá wo bí wọ́n ṣe ń sè é.”

Wọ́n sè é níṣojú mi, wọ́n bu tèmi, wọ́n wá ń wo ojú mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo ti jẹun yó ní tòótọ́ kí n tó kúrò nílé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, mo mu ún tán, mo ní kí wọ́n bu sí i.