Mọ̀núrù Mámira àti Lẹ́ńsì Gbogboǹṣe

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Mọ̀núrù onífọ́tò létí ẹni tó gbé Ìsàlẹ̀ Gángan rí, ọjọ́ tó fa Godfrey kiri ìgboro bí àgbò Iléyá ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Godfrey ni akọ̀wé tó ń ta kámẹ́rà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdúmọ̀tà. Ọmọ Sàró ni, ọkùnrin tó máa ń wọ táì nínú oòrùn ọ̀sán. Lọ́dún 1959, lẹ́ńsì tuntun kan dé sí ṣọ́ọ̀bù náà. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń yí òrùka tó wà lọ́rùn rẹ̀ síwájú, yóò fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Bí wọ́n bá yí i sẹ́yìn, ibi tí kò wọ inú fọ́tò tẹ́lẹ̀ yóò wọlé. Mọ̀núrù gbé e wò, ó gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, inú sì bí i lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé ẹ ti fi ya nǹkan kan rí?" ló bi Godfrey.

"Rárá, Bọ̀dá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ní..."

"Mi ò bi yín léèrè ohun tí àwọn tó ṣe é ní. Ẹ jẹ́ kí n gbé e jáde lọ dán an wò."

Godfrey ní òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé lẹ́ńsì náà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ òun.

"Kò burú," ni Mọ̀núrù wí. "Ẹ má jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ó fi lẹ́ńsì náà sẹ́nu kámẹ́rà ara rẹ̀, ó gbé okùn kámẹ́rà kọ́ Godfrey lọ́rùn, ó di okùn náà mú, ó sì fà á jáde. Wọ́n kọ́kọ́ wo pátákó ṣọ́ọ̀bù kan tó wà lókèèrè ní Ìdúmọ̀tà. Wọ́n dé Ẹbúté Èrò, Mọ̀núrù sì tẹ Godfrey ba síwájú ọ̀sà kó lè rí ojú apẹja kan tó wà nínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún. "Ẹ rẹlẹ̀. Ẹ tún rẹlẹ̀ sí i. Ẹ má mí." Wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n gba Ìdúmàgbò. Láàárọ̀, "ẹ" ni Mọ̀núrù ń pè é. Nígbà tó di ọ̀sán, "ẹ" ti di "o". Nígbà tí wọ́n fi padà dé ṣọ́ọ̀bù, táì Godfrey ti yí sẹ́yìn ọrùn rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì ti gbọn omi ọ̀sà mu.

"Lẹ́ńsì gidi ni," ni Mọ̀núrù wí.

Godfrey mí kanlẹ̀, ó fa ìwé rìsíìtì jáde.

"Ṣùgbọ́n mi ò rà á. Ó ti wọ́n jù."

Wọ́n ní ọjọ́ náà ni Godfrey, ọmọ kíláàsì Bíbélì, kọ́kọ́ sọ Yorùbá tí kò sí nínú Bíbélì.

Kò sí ohun tí kì í bí Mọ̀núrù nínú. Ọyẹ́ ń bí i nínú, nítorí pé ó ń mú kí fíìmù ká. Òjò ń bí i nínú. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bí i nínú jù lọ ni kí èèyàn jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀ kó má lè jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn onífọ́tò yòókù máa ń bẹ oníbàárà pé kó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Má mira" ni Mọ̀núrù máa ń jágbe mọ́ tirẹ̀, débi pé ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì á dúró gbagidi. Ibẹ̀ ló ti rí orúkọ, tí gbogbo àdúgbò ń pè é ní Mámira.

Lọ́jọ́ kan, Yẹ̀kínì tó ń ta fìlà wá ya fọ́tò. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kíní, Mọ̀núrù kò sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, Mọ̀núrù fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Nígbà tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kẹta, Mọ̀núrù jáde lábẹ́ aṣọ dúdú tó fi bo orí òun àti kámẹ́rà. "Alàgbà, ẹ gbé ojú yín lọ sílé. Ẹ sọ fún un pé bó bá ṣe tán láti dúró, kó padà wá." Yẹ̀kínì bínú lọ, ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí àga. Nígbà tó padà wá mú un lọ́jọ́ kejì, Mọ̀núrù ti ya fọ́tò fìlà náà, ó ti gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà. "Ẹ wò ó," ló sọ fún un, "fìlà yín gbọ́ràn jù yín lọ."

Ṣùgbọ́n inú kan wà tó ń bí i tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìlú ṣe àjọ̀dún kan ní pápá eré ẹṣin, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì fẹ́ yan kọjá níwájú àwọn èèyàn ńlá. Àlímọ̀t, opó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Mọ̀núrù, bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ya ọmọbìnrin òun Àsíátù, tó máa gbé àsíá síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mọ̀núrù ṣèlérí. Nígbà tó débẹ̀, àwọn tó ń darí èrò na okùn síwájú òun àti àwọn onífọ́tò adúláwọ̀ yòókù, wọ́n ní kí wọ́n dúró lọ́hùn-ún. Àwọn òyìnbó onífọ́tò kọjá sábẹ́ okùn náà lọ síwájú. Mọ̀núrù ya ohun tó lè yà láti ibi tí wọ́n dá a dúró sí.

Àlímọ̀t gba fọ́tò náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Bọ̀dá Mọ̀núrù, èwo ni ọmọ mi nínú àwọn hóró ìrẹsì yìí?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni.  Odidi ọjọ́ méjì ni Mọ̀núrù kò fi jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù sì ba Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ tó fi lọ pe dókítà.

Kò pẹ́ sí i ni ọ̀rọ̀ wíwó ilé dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti há jù, ó ti dọ̀tí, wọ́n máa wó o tún kọ́, kí àwa máa lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ilé tí baba ńlá èèyàn kọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sára àpò kòkó. Gbogbo àdúgbò gbaná jẹ. Àwọn kan kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, àwọn kan gba lọ́yà. Mọ̀núrù ní tirẹ̀ dúró láàárín agbo ilé, ó ní, "Wọ́n lágbára láti wó o. Wọn ò ní lágbára láti sọ pé kò síbẹ̀ rí. Màá ya ilé kọ̀ọ̀kan."

Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ló rí i pé lẹ́ńsì òun kò lè ṣe é. Ọ̀nà àdúgbò wa tóóró. Bó bá fi ẹ̀yìn ti ògiri ilé kan láti ya ilé tó kọjú sí i, ilẹ̀kùn nìkan ló ń wọlé. Bó bá sì jìnnà lọ sí ìta gbangba, òrùlé nìkan ló ń rí. Ìdí nìyẹn tó fi lọ bá Godfrey. Mọ̀núrù ló sì fún lẹ́ńsì náà ní orúkọ, ó ní gbogboǹṣe ni.

Àwọn tó ń sọ ìtàn bó ṣe fa Godfrey kiri kì í sábà sọ ibi tí wọ́n dúró kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Mọ̀núrù mú un wọ ọ̀nà tóóró tó wà níwájú ilé Àlímọ̀t, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé ògiri, ó yí òrùka lẹ́ńsì sẹ́yìn, odidi ilé náà sì wọlé, láti àtẹ̀gùn dé fèrèsé òkè tí Àsíátù ti ń yọjú. Nọ́ńbà wà lára ògiri rẹ̀ gàdàgbà. Àlímọ̀t kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ àtẹ̀gùn. Mọ̀núrù yà á bẹ́ẹ̀.

"Ìyá," ni Godfrey wí, pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn rẹ̀, "ṣebí wọ́n ti kọ nọ́ńbà sára ilé yìí?"

"Wọ́n kọ nọ́ńbà sí i," ni Àlímọ̀t dáhùn. "Wọn ò ní kí n má fọ̀ ọ́."

Láti ibẹ̀ ni wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, tí Mọ̀núrù sì ní òun kò rà á.

Lẹ́yìn tí Godfrey ti bú tán, tí ara rẹ̀ sì ti balẹ̀ díẹ̀, ó ní kí Mọ̀núrù ra lẹ́ńsì lásán méjì, èyí tó ń rí fẹ̀ àti èyí tó ń rí jìnnà, pé owó méjèèjì kò tó ti gbogboǹṣe.

"Kí n máa tú ọ̀kan de ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń wólé?" ni Mọ̀núrù bi í. "Eruku ni yóò wọnú kámẹ́rà. Eruku ni màá máa yà."

Godfrey wo ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa páálí kan jáde lábẹ́ káńtà. Gbogboǹṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti já bọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Etí rẹ̀ ti tẹ̀, òrùka rẹ̀ sì le débi pé ọwọ́ méjì ló ń gbà. Dígí rẹ̀ mọ́ kedere. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ti ní kó tà á ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó tuntun.

Ojú Mọ̀núrù pọ́n. "Èyí wà lábẹ́ káńtà, o sì jẹ́ kí n rìn láti àárọ̀?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti àárọ̀," ni Godfrey wí.

Mọ̀núrù ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti rà á. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn, bó bá sì pàdé ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ náà lójú ọ̀nà, á dá a dúró, á bú u pé kò fẹ́ táyà rẹ̀ dáadáa.

Nítorí òrùka tó le yẹn, Hàwáwù di alábàáṣiṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Mọ̀núrù á gbé kámẹ́rà dání, á dijú kan, Hàwáwù á fi ọwọ́ méjèèjì yí òrùka. "Yí i. Mo ní kí o yí i. O ti yí i jù." "Baálé mi, apá mi ni mò ń lò, kì í ṣe ẹ̀rọ." Báyìí ni wọ́n ṣe ń jà láti ilé dé ilé. Inú àwọn ọ̀nà wa ṣókùnkùn, lẹ́ńsì náà sì máa ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, nítorí náà fọ́tò kan lè gba kí èèyàn di èémí mú títí. Mọ̀núrù kò ráhùn lórí ìyẹn. Nínú gbogbo oníbàárà tó ní láyé, àwọn ilé yẹn nìkan ni kò ṣẹ́jú.

Wọ́n dé ilé Àlímọ̀t lọ́jọ́ tí àwọn awólé dé ibẹ̀. Ọkùnrin kan ti gun orí òrùlé, ó ti gbé òòlù sókè. Mọ̀núrù gbé kámẹ́rà sójú, ó sì jágbe, "Má mira."

Ọkùnrin náà dúró pẹ̀lú òòlù lókè. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ dúró. Ọ̀gá wọn gan-an dúró, ó fi sìgá sẹ́nu, kò fà á. Hàwáwù ń yí òrùka, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, Mọ̀núrù ń sọ pé kó tún yí i. Wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ilé Àlímọ̀t fi pẹ́ láyé sí i.

Ó fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò ilé wọn, kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá dúpẹ́ á gba èébú. "Ta ló ní kí ẹ dúpẹ́? Ẹ lọ gbé e kọ́ sára ògiri." Nígbà tí Àlímọ̀t gba tirẹ̀, ó rí ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nínú fọ́tò ọjọ́ tó ń fọ àtẹ̀gùn, ó rí ojú Àsíátù ní fèrèsé òkè, ó tóbi, ó mọ́. Ó wò ó títí. Kò dúpẹ́, ó mọ irú ẹni tó ń bá lò. Ó kàn ní, "Mo rí i, Bọ̀dá." Mọ̀núrù yára wọlé, ó ní kẹ́míkà ta sí òun lójú.

Sùúrùlérè ló kú sí, lọ́dún 1974, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ kan tó fi bá gbogbo nọ́ọ̀sì jà. Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Gángan tó ti fọ́n káàkiri wá láti gbogbo ìhà. Godfrey wá, irun rẹ̀ ti funfun. Púpọ̀ nínú wọn mú fọ́tò ilé wọn dání, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì níwájú àáfà. Bashiru, ọmọ Yẹ̀kínì, tẹjú mọ́ ti ilé Àlímọ̀t. "Ẹ wò ó, ògiri yín wọnú ilẹ̀ wa." Memunat, àbúrò Àlímọ̀t, fò dìde. "Ilẹ̀ ta ni? Ẹ̀yin lẹ gba ilẹ̀ wa." Ẹlòmíràn dá sí i, ẹlòmíràn sì tún dá sí i. Láìpẹ́, gbogbo ilé ń pariwo lórí ààlà ilẹ̀ tí kò sí ẹni tó ni ín mọ́ nínú wọn. Àáfà gbé ọwọ́ sókè láti bẹ̀rẹ̀ àdúà, kò rí etí gbọ́. Godfrey ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù nítorí Hàwáwù tó di opó.

Hàwáwù jókòó lórí ẹní, ó fi ọwọ́ lérán, ó ń gbọ́ ariwo náà bí ẹni ń gbọ́ orin. Láti ọjọ́ mẹ́jọ, ìgbà náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gbẹ́ni Godfrey, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà díẹ̀ sí i," ló wí. "Ilé yìí ti dákẹ́ jù."