Bí Mo Ṣe Lọ Bẹ Dádì Èmùré Nítorí Ìwé Mi

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì náà tí mo fi dé gáréèjì n'Ìbàdàn, pẹ̀lú báàgì kan lọ́wọ́ àti ọkàn tí kò balẹ̀. Èmùré-Èkìtì ni mò ń lọ, ìlú bàbá mi. Kì í ṣe ọdún ni mò ń lọ ṣe níbẹ̀, kì í sì í ṣe òkú. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ lọ bẹ̀, ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ló sì dá ẹjọ́ náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹbí ọkọ Tèmítọ́pẹ́, ọmọbìnrin mi, fẹ́ wá mọ̀ wá nílé. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Dádì Èmùré, àbúrò bàbá mi, ló kù tó jẹ́ olórí ẹbí, òun ló sì yẹ kó dá àwọn àna lóhùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fi ìtàn àròsọ mi tuntun ránṣẹ́ sí i, kò gbé fóònù mi mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún mi: "Akin, inú ń bí Dádì sí ẹ gan-an. Wọ́n ní o kọ àwọn sínú ìwé." Bí kò bá wá, àwọn àna á bèèrè pé ṣé ọmọ yìí kò ní ẹbí ni. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti da ìgbéyàwó rú rí.

Nínú ìwé náà, oníṣòwò aṣọ kan wà tí kò mọ̀wé. Ó ta oko kòkó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú, ó sì parọ́ fún àwọn ọmọ òrukàn pé iná ló jó o. Mo fi Ọlọ́run búra fún ìyàwó mi pé n kò ro Dádì Èmùré rárá. Ọ̀gá ilé-ìwé girama tó ti fẹ̀yìntì ni Dádì. Kí ló pa òun àti oníṣòwò aṣọ pọ̀? Lóòótọ́, iná jó oko kòkó bàbá mi lọ́dún tó kú, mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga nígbà yẹn. Dádì fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí wa pé iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó o kanlẹ̀. Iná yẹn ni mo yá lò. Gbogbo ìyókù, irọ́ ni mo pa. Iṣẹ́ mi ṣáà nìyẹn.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Àkúrẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ta páìpù omi ló jókòó tì mí. Ó bèèrè iṣẹ́ mi, mo ní òǹkọ̀wé ni mí. Hàà! Inú ẹ̀ dùn bí ẹni rí ẹni tó ti ń wá.

"Bàbá, Ọlọ́run ló mú wa pàdé. Ìtàn ayé mi, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó sunkún. Èmi á sọ ọ́, ẹ̀yin á kọ ọ́, a ó pín èrè ẹ̀ sí méjì."

Ó ní sísọ ló le jù nínú iṣẹ́ náà. Kíkọ, ọwọ́ lásán ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá rẹ̀. Kí a tó dé Ìkirè, oorun ti gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò sì tíì bí i nínú ìtàn ọ̀hún.

Ní Ìkirè, mo ra dòdò fún Dádì láti ojú fèrèsé. Fún ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ rí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ni wọ́n ń gún mọ́ ata, tí wọ́n sì ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Dádì fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran lọ. Mo ra méjì, mo tún rò ó, mo ra ẹyọ mẹ́ta kún un. Ẹni tó ń lọ bẹ̀bẹ̀ kì í ṣahun.

Láti Àkúrẹ́ mo wọ ọkọ̀ kékeré dé Ìkẹ́rẹ́. Òkè Olósùnta dúró síbi tó máa ń dúró sí, kò sì bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èèyàn ò lè kọjá ní Ìkẹ́rẹ́ láìjẹ iyán, tàbí uyán, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀. Ilé wa ni ulé wọn, iṣu wa ni uṣu wọn. N'Ìbàdàn, wọ́n á bu èyí tó ti wà nínú kúlà fún ọ. Níbí, o máa gbọ́ ìró odó kí o tó rí oúnjẹ. Iyán méjì pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, Délé ló sì sanwó. Ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ìwé ni Délé, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, òun ló wá pàdé mi níbẹ̀.

"Akin, iṣẹ́ wo lo wá ń ṣe báyìí?"

"Mò ń kọ̀wé."

"Mo mọ̀ pé ò ń kọ̀wé. Iṣẹ́ ni mò ń bèèrè."

"Òun náà niṣẹ́ ọ̀hún."

Ó dáwọ́ oúnjẹ dúró, ó wojú mi tàánútàánú. "Má dààmú. Èèyàn wa kan wà ní sẹkitéríàtì. Ó kéré tán, wàá rí pẹ́ńṣàn gbà."

Ata ọbẹ̀ náà mú mi, imú mi ń ṣomi, mo kọwọ́ bọ báàgì láti mú áńkáṣíìfù. Ojú Délé yí padà wìì. "Akin, má bínú o, owó oṣù wa ò tíì wọlé!" Káàdì ló rò pé mo fẹ́ yọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí ẹnì kan bá kọ ìwé, òǹkàwé kọ́ ló ń wá, alága ìkójáde ìwé ló ń wá? Wọ́n á tẹ orúkọ rẹ sórí káàdì láìbi ọ́, wọ́n á gbé maikirofóònù sí ọ lẹ́nu, ìwọ náà á wá fi owó gọbọi ra ìwé kan ṣoṣo tí o kò ní ṣí láéláé. Èmi ò ṣe ìkójáde rí láyé mi. Síbẹ̀, àwọn ojúlùmọ̀ mi méjì ti gba ẹ̀yìnkùlé sá fún mi. Mo nu imú mi. Délé mí kanlẹ̀, ó sì bá mi bu ẹran kan sí i.

Ọkọ̀ tó gbé mi láti Ìkẹ́rẹ́ gba Ìsẹ̀ kọjá. Wọ́n sá kòkó sórí tapólì lẹ́bàá títì, àwa sì ń ti inú kòtò kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí àwọn èrò yòókù bọ́ sílẹ̀ ní Ìsẹ̀, ó ku èmi àti dírẹ́bà. Délé ti ké tẹ̀ lé wa ní gáréèjì pé kó rọra wakọ̀, òǹkọ̀wé ló gbé, ọkùnrin náà kò sì gbàgbé.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀nà yìí sínú ìwé yín kí gómìnà rí i."

"Ìtàn àròsọ ni mò ń kọ o."

"Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́, sà. Òótọ́ la ti ń kọ sí wọn látọjọ́ yìí, wọn ò kà á." Ó yà fún kòtò kan, ó kó sí èkejì. "Ẹ fi orúkọ mi síbẹ̀ o, Sunday. Ṣùgbọ́n ẹ má mẹ́nu ba táyà mi."

Bí mo ṣe dé Èmùré, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Mọ́mì Èmùré, ìyàwó Dádì, tó ń gún iyán. Ọmọ Ìlúmọba-Èkìtì ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gún oúnjẹ kékeré. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ulé ńkọ́? Wọ́n wà ní pálọ̀. Mo ti sọ fún wọn pé ò ń bọ̀, wọ́n ti múra láti àárọ̀."

Lóòótọ́ ni. Dádì Èmùré wọ agbádá nínú ooru ọ̀sán, ó jókòó bí adájọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò ní kí n dìde. Ìwé mi wà lórí tábìlì iwájú rẹ̀, báírò pupa sì wà lórí ìwé náà. Bàbá yìí ti máàkì ìwé mi!

"Mo kà á láti páálí dé páálí," ó ní. "Lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Mi ò tíì yìn ẹ́. Méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú ìwé kẹta, òjò ń rọ̀ n'Èkìtì lóṣù Jánúárì. Òjò wo nìyẹn? Ojú ìwé ogún, obìnrin kan lóyún, ó sì bímọ lójú ìwé kejìlélógún. Ewúrẹ́ ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rántí àwọn àna, mo gbé e mì. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tí mo ti kọ́ sórí láti Ìbàdàn, pé Dádì kò sí nínú ìwé náà, pé orí mi ni mo ti rò ó. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n pa ẹnu mọ́. Ó ṣí ojú ìwé àádọ́rùn-ún. Kò sí báírò pupa kankan lójú ìwé yẹn.

"Akínwálé, ta ló sọ fún ẹ?"

"Sọ kí ni, sà?"

"Má sọ mí dọmọdé! Ta ló sọ fún ẹ pé iná kọ́ ló jó oko náà? Ẹni tí mo tà á fún ti búra fún mi pé òun ò ní lanu!"

Ìró odó dákẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mọ́mì Èmùré yọ sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ṣadé, oko wo lẹ tà?"

Dádì wò mí, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ odó. Èmi ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Bàbá mi ló gbin àwọn kòkó yẹn kí wọ́n tó bí mi, ó sì máa ń sọ pé àwọn ni yóò rán mi níwèé dé ibi tí agbára mi bá mọ. Nítorí iná yẹn ni mo ṣe fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, tí mo ń ru búlọ́ọ̀kù. Iná tí kò jó! Ó dùn mí, ó dùn mí dé egungun. Inú sì bí mi débi pé mo lè gbé tábìlì náà sọ síta.

Mo lè sọ òtítọ́ fún un: pé n kò mọ nǹkan kan, pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Mo dìde, mo gbọn ṣòkòtò mi, mo jókòó, mo sì dákẹ́. Mo kàn ń wò ó.

Ìdákẹ́ náà ló ṣiṣẹ́. "Mi ò tà á tán o," ó ní, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Apá ẹ̀bá odò ṣì wà. Mò ń bá ẹ tọ́jú ẹ̀ ni."

"Láti ìgbà tí kò tíì nírùngbọ̀n?" Mọ́mì Èmùré ló fèsì. "Ó ti fẹ́ fọmọ fọ́kọ, ẹ ṣì ń bá a tọ́jú ẹ̀?"

Dádì nu ojú pẹ̀lú etí agbádá. Ó ní òun fúnra òun ni yóò gba àwọn àna mi lálejò. Ó ní níwájú gbogbo wọn ni òun yóò ti kéde pé apá ẹ̀bá odò ti di ti Tèmítọ́pẹ́. "Ṣùgbọ́n bí o bá tún ìwé náà tẹ̀, yọ ojú ìwé àádọ́rùn-ún."

"A óò wò ó, sà," ni mo fi dá a lóhùn, mo sì gbé dòdò Ìkirè fún un. Iyán ọjọ́ náà kúná dáadáa. Ẹran mẹ́rin ló wà nínú ọbẹ̀ tèmi. Ọbẹ̀ nìkan ló wà nínú ti Dádì.

Ọjọ́ kejì ni mo padà, àṣé ìròyìn ti ṣáájú mi. N kò tíì kúrò ní Ìsẹ̀ tí Àǹtí Fúnmi, àbúrò ìyá mi, fi pè. "Akin, mo gbọ́ pé o rí gbogbo àṣírí, o sì ti ń kọ òmíràn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ẹ, mi ò jí i o! Mo kàn gbé e pamọ́ ni." Gbogbo wa ti rò pé ìyá mi tà á kó tó kú ni. Mo dé Àkúrẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ló tún pè: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn."

"Ewúrẹ́ wo?"

"Ẹ ṣeun, sà! Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dójú tì mí." Ó pa fóònù. Títí dòní, n kò mọ ewúrẹ́ tí a ń wí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo wọlé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá nu ojú.

"Bàbá Tọ́pẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi, kí ẹ tó lọ kọ ọ́."

"Ìwọ náà?"

"Mi ò tíì ka ìwé yẹn. Ibi tí ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nìkan ni mo kà."

Tèmítọ́pẹ́ dáhùn láti yàrá: "Dádì, ibẹ̀ nìkan lèmi náà kà."

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò yìí kò dùn ún sọ. Nínú gbogbo ẹbí mi, ẹnì kan ṣoṣo ló ka ìwé mi tán, òun náà ló ta oko bàbá mi. Nígbà tí Sátidé ọ̀hún pé, àga àárín ni mo gbé fún un. Ó kéde oko náà gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, bàbá ọkọ Tèmítọ́pẹ́ fi ọ̀wọ̀ bèèrè pé iṣẹ́ kí ni bàbá ìyàwó ń ṣe. Kí n tó lanu, Dádì Èmùré ti dá a lóhùn.

"Òǹkọ̀wé ni," ó ní. "Ẹ ṣọ́ra fún un."